Èwo Ni Kí Abẹ́rẹ́ Ṣe?

Nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń ṣe, Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán kọ́tìnnì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Kì í bínú sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ," á sì tẹrí ba sídìí iṣẹ́. Ẹni tó bá rí i nídìí ẹ̀rọ, tí aṣọ funfun wọ́ jọ lé e lẹ́sẹ̀ títí dé àyà, kò lè mọ̀ pé ó lóyún. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin pàápàá kò mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí ìrọbí mú un láàárín kọ́tìnnì, tí wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọmọbìnrin ló bí. Ọmọ náà tóbi, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun dídùn.

Bàbá ọmọ náà, awakọ̀ tó máa ń kó ìdì aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ti fi ìlú sílẹ̀ kí ikùn tó yọ, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Nílé, ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan ló wà, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga etí fèrèsé. Ó ti pinnu tipẹ́: bó bá ti bímọ tán, yóò fà á lé ẹni tó lè tọ́ ọ lọ́wọ́, yóò padà sílé, ó parí. Kò ní wo ojú rẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò mọ̀ nípa ìpinnu kankan. Ó gbé ọmọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà sín. Bó ṣe sín tán, ó la ojú, ó ń wo òkè bí ẹni pé òrùlé ló sín. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abẹ́rẹ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ̀rù bà á, torí pé kò fi ẹ̀rín kún ohun tó pinnu.

Lọ́jọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ sọ ìpinnu rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, obìnrin alámòójútó ọmọ, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bá ọmọ wá alágbàtọ́, sì wá bá a. Àgbàlagbà ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọmọ yìí tọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó wo ọmọ náà. "Rárá, mà." Ó tún wo ọmọ náà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, èwo ni mo sọ?"

"Méjèèjì lo sọ. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ. Máa gbé e lọ sílé ná. Bí ọkàn rẹ bá balẹ̀ sójú kan, kó o wá bá mi."

Ta ni ọkàn ń balẹ̀ fún? Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọ̀gá rẹ̀ wá, ó ní kó máa gbé ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, inú apẹ̀rẹ̀ ìrépé aṣọ ni yóò máa sùn. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù fi ìnulẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, ó ní, "Fún wọn, jàre! Ẹni tó tọ́ mi kọ́ ló bí mi, ṣé mi ò dàgbà ni?" Abẹ́rẹ́ gbọ́ ti èkíní, ó ní òótọ́ ni. Ó gbọ́ ti èkejì, ó ní òótọ́ ni. Orí rẹ̀ wá dà bí òwú tí ọmọ ológbò fi ṣeré.

Nígbà tó délé, ó gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ sọ èyí tó yẹ kí n ṣe."

Ahọ́n ìyá náà wúwo, ó ń wá ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Má torí mi fún wọn. Má sì torí mi gbà á."

"Èwo wá ni kí n ṣe?"

"N ò mọ̀, ọmọ mi."

Inú bí Abẹ́rẹ́. Obìnrin tó lérò nípa bó ṣe yẹ kéèyàn fún àkísà, tó lérò nípa irú omi tó yẹ ká fi ṣan ife, òun ló dé ibi ọ̀rọ̀ yìí tó ní òun kò mọ̀!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ń ké, ìyá náà sì fẹ́ yàgbẹ́. Abẹ́rẹ́ mú póò lọ́wọ́ kan, ó gbé ọmọ lọ́wọ́ kejì. Ó lọ sọ́dọ̀ ìyá, ó yíjú padà sí bẹ́ẹ̀dì, ó tún lọ sọ́dọ̀ ìyá. Nígbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀ gbalaja láàárín yàrá. Ọmọ ń sunkún, òun náà ń sunkún. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó ti bọ́ sára mi o," ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó lọ bá obìnrin alámòójútó ọmọ. Kì í ṣe pé ó ti pinnu. Ó kàn fẹ́ rí ojú àwọn tó ń wá ọmọ ni.

Tọkọtaya kan ni wọ́n. Ìyàwó jẹ́ tíṣà, ọkọ jẹ́ káfíńtà. Tíṣà ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa: yàrá ọmọ rèé, ilé ìwé rèé, ìfẹ́ rèé. Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ tán, kò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Ó wá bi wọ́n pé, "Bó bá ń sunkún, tẹ́ ẹ fún un lóúnjẹ, tẹ́ ẹ pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, tí kò dákẹ́, kí lẹ máa ṣe?"

Tíṣà yíjú sí ọkọ rẹ̀. Káfíńtà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó tó fèsì.

"N ò mọ̀, àbúrò. Bóyá kí n ṣáà jókòó tì í."

Abẹ́rẹ́ fẹ́ràn ìdáhùn yẹn, kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Òun náà kò mọ̀, àmọ́ òun kò ráyè jókòó.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé ọmọ fún wọn, ó gbé e fún tíṣà, ó gbà á padà, ó tún gbé e fún un, ó tún nawọ́. Tíṣà ń sunkún. "Ẹ gbà á, a máa lọ. Tẹ́ ẹ bá ní ká padà wá, a máa padà wá. Tẹ́ ẹ bá ní ká má wá mọ́, a ò ní wá."

Abẹ́rẹ́ ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ apá. "Ẹ máa gbé e lọ kí n tó tún sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Wọ́n máa ń gbé e wá kí Abẹ́rẹ́ láwọn ọjọ́ Sunday kan, nítorí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí i bẹ́ẹ̀. Tíṣà ló ń pè ní Màmá. Abẹ́rẹ́ ni "Bẹ́ẹ́". Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, bí Abẹ́rẹ́ bá wẹ ìyá rẹ̀ tán tó débi iṣẹ́ lásìkò, á ní òun ṣe dáadáa. Tó bá di ọ̀sán, á rí ìyá kan tó gbọ́mọ pọ̀n kọjá, á ní òun ti ba ayé òun jẹ́. Kò tíì sí ọjọ́ tí ọ̀kan nínú méjèèjì borí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, bàtà òsì ni ọmọ náà wọ̀ sẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Káfíńtà ní òun ti tún un wọ̀ fún un, kò gbà. Abẹ́rẹ́ gbá a mọ́ra, ó fẹ́ bọ́ bàtà náà. Ọmọ náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó wò ó lójú kòrókòró, ó ní, "Rárá!"

Ìyá Abẹ́rẹ́ tó wà lórí àga etí fèrèsé ní, "Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin méjèèjì jọra."

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ní ó jọ ọmọ náà, Abẹ́rẹ́ ni àbí tíṣà, kò sì sẹ́ni tó bi í.