Ọjọ́ Tí Kàsúmù Télọ̀ Gun Ọkọ̀ Òfuurufú

Kò sí ẹni tó mọ aṣọ rán bíi Kàsúmù ní gbogbo Adewui, àdúgbò kan ní Lómé, kò sì sí ẹni tó mọ aṣọ oníbàárà gé pamọ́ bíi rẹ̀. Ẹ̀wù rẹ yóò bá ọ mu rẹ́gí, àmọ́ má béèrè ohun tó ṣẹ́kù. "Ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́," ni yóò wí, yóò sì tún búra.

Láyé ìjọba Faransé, ọ̀gá sójà òyìnbó kan gbé ọkọ̀ òfuurufú tuntun wá sí Lómé, kó lè mọ̀ bóyá yóò fara da oòrùn wa. Wọ́n fẹ́ máa fi irú rẹ̀ kọ́ àwọn sójà ní wíwà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n tíì ṣe. Ìjókòó méjì ló ní, ti olùkọ́ níwájú, ti akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn, aṣọ ni wọ́n sì fi bo apá rẹ̀. Nígbà tí aṣọ apá kan ya, wọ́n ránṣẹ́ pe Kàsúmù.

Aṣọ tí òyìnbó kó fún un dára kọjá sísọ. Ọwọ́ Kàsúmù ò gbélé. Ó gé tirẹ̀ pamọ́ nínú rẹ̀, ó fi àpò ìyẹ̀fun dí àyè rẹ̀ lábẹ́ apá ọkọ̀, ó sì kun ọ̀dà lé e. Ta ni yóò mọ̀?

Inú òyìnbó dùn sí iṣẹ́ náà. Ó nawọ́ sí ìjókòó akẹ́kọ̀ọ́. "Monte! Monte!" Ó ní ẹni tó rán an ni yóò kọ́kọ́ bá òun gùn ún. Kàsúmù ní inú ń run òun. Òyìnbó ní atẹ́gùn òkè yóò wò ó sàn. Bó bá jẹ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Bó bá dákẹ́, àpò ìyẹ̀fun ni yóò gbé e rọ̀run. Ó gùn ún.

Ẹ̀rọ ń bú ramúramù, afẹ́fẹ́ ń gbá abẹ́ apá. Kàsúmù pa ojú dé, ó gbà pé ikú ti dé. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹ̀dá tó lè gbọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí Ọlọ́run.

Àfi bí ẹ̀rọ ṣe kú. Etí Kàsúmù ti di, kò mọ̀. Ọkọ̀ rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọjà Adewui, ohùn Kàsúmù sì ń já geere sétí àwọn ará ọjà: "Dárí jì mí! Àǹkárá Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù, abẹ́ ibùsùn mi ló wà! Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì Bernadette, mo ti fi rán fìlà! Aṣọ ìgbéyàwó Julienne, ẹ̀rọ kọ́, èmi ni!"

Ọkọ̀ já lulẹ̀ sórí iyanrìn etí òkun. Kò sẹ́ni tó fara pa, àpò ìyẹ̀fun pàápàá ò ya. Ẹ̀rọ ni kò dáa, wọn ò sì ṣe irú ọkọ̀ náà mọ́ títí dòní.

Kàsúmù forí kanlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù ló rí, tó ń mí hẹlẹ, àwọn obìnrin ọjà sì wọ́ tẹ̀lé e. Kàsúmù rò pé ẹkún òun ni wọ́n ń sun bọ̀, àánú ara rẹ̀ ṣe é, omi bọ́ lójú òun náà.

"Màmá, ẹ má sunkún mọ́, mo yè é!"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni màmá wí. "Ó yá, dìde, ká lọ wo abẹ́ ibùsùn."