Ẹ̀wá Tí Mo Yọ Kúrò Lára Ọgọ́ta

Òórùn epo pupa tí wọ́n ń sè lẹ́yìn ilé-ìwé wa ní Ikpinlè máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa nídìí ìṣírò. Àwọn ìyá tí ń ṣe epo náà kò jìnnà. A ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, wọ́n sì ń gbọ́ wa bí a bá ń kàwé lóhùn rara. Ìwọ náà mọ ìgbà tí mò ń wí: orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmè, òmìnira kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ wa, àwa ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì náà kò sì ju mẹ́rin lọ.

Ìwé kíkà kò ṣòro fún mi. Mo lè ka ojú ewé tí wọ́n ya yìnyín sí láìkọsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín tí mo mọ̀ kò ju èyí tí òjò ń jù sórí páànù lọ. Ìṣírò ni mo ń sá fún. Olùkọ́ wa, Ègùn láti Àjàṣẹ́, ti sọ pé ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà kọ nínú ìdánwò ìparí ọdún yóò tún kíláàsì náà ṣe. Bàbá mi sì ti sọ tirẹ̀: “Bí wọ́n bá dá ọ dúró, oko Tatonnonkon la jọ ń lọ.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ ìdánwò, olùkọ́ á pe nọ́ńbà ní Faransé, àwa á kọ ọ́ sára síléètì. Bó bá fi rúlà lu tábìlì, gbogbo wa á gbé e sókè. Ó pe méjìlélógún, mo gbà á. Ó pe ọgọ́ta, mo gbà á. Ó wá pe suasáńtì-dísì. Mo gbọ́ ọgọ́ta, mo gbọ́ ẹ̀wá lẹ́yìn rẹ̀, mo kọ 50. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá.

“Ẹ bá a wá ọkọ́ kékeré kan,” ni ọmọkùnrin kan wí lẹ́yìn mi, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ dúró tì mí. “Níbo lo ti rí àádọ́ta?”

Faransé mi tán níbẹ̀. Mo fi Yorùbá dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ ní kíláàsì: “Mùsé, ẹ pe ọgọ́ta, ẹ pe ẹ̀wá. Mo sì yọ ẹ̀wá náà.”

Èyí tó dàgbà jù nínú àwa ọmọbìnrin gbọ́ Ègùn. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún un.

“Ta ló ní kí o yọ ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kà á nílé.”

Olùkọ́ jókòó sétí bẹ́ńṣì mi. Ó ní kí n ka tilé fún òun. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ogójì: àádọ́ta, tí í ṣe ọgọ́ta dín mẹ́wàá, àádọ́rin, tí í ṣe ọgọ́rin dín mẹ́wàá, títí mo fi dé ọgọ́rùn-ún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ nu síléètì mi.

“Faransé kì í yọ,” ó wí. “Bó bá fi ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, rò wọ́n pọ̀. Ọgọ́ta àti ẹ̀wá, àádọ́rin nìyẹn.”

Ó pe kátírì-fẹ́-dísì. Ogún mẹ́rin, ẹ̀wá. Ọwọ́ mi fẹ́ padà sẹ́yìn sí 70. Mo fagbára tì í síwájú. Mo kọ 90. Ó fi rúlà lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan, fún èmi nìkan, mo sì gbé e sókè. Èyí ló kà fún mi dípò 50.

Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá mi, ojú rẹ̀ le. “Ṣé wọ́n ní àádọ́ta kì í ṣe ọgọ́ta dín mẹ́wàá mọ́ ni?”

“Ó ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ọ̀nà tiwọn ló yàtọ̀.”

Ó mi orí. Nígbà tí ilé-ìwé tún ṣí, òun nìkan ló lọ sóko.

Mo ti dàgbà báyìí, mo sì lè sọ ọ́ láìṣiyèméjì: lọ́jọ́ náà, àìmọ̀ kọ́ ló ṣì mí lọ́nà. Ohun tí mo mọ̀ nílé ni mo gbé wá síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yẹn kò ṣàánú mi, kò sì fún mi ní máàkì ọ̀fẹ́; ó bi mí léèrè ni. Ká ní kò bèèrè ni, òpè ni ì bá pè mí, èmi náà ì bá sì gbà á gbọ́.