Ebè Iṣu Lórí Pápá Bọ́ọ̀lù

Ní Cotonou tí mo ń gbé báyìí, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé bí ènìyàn bá gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ibi tó gbé e sí náà ni yóò ti bá a. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Dassa, ìlú wa. Pápá wa wà ní ìdí òkè, ó sì rọra dagẹ̀rẹ̀ sí apá kan. Àwa onílé mọ̀, àlejò kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ góòlù tí wọ́n yìn wá fún nígbà náà, ilẹ̀ ló gbá a, a kàn na ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kò ní parọ́ fún yín nípa bí a ṣe mọ bọ́ọ̀lù gbá tó. Bí mo bá fẹ́ parọ́, n ó wá nǹkan mìíràn parọ́ lé.

Èmi ni aṣọ́lé. Mo ga, mo tín-ín-rín, ọwọ́ mi gùn. Ìyá mi a máa sọ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni Ọlọ́run fi ọwọ́ yẹn dá mi fún, pé máńgòrò ni.

Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ẹgbẹ́ wa ń kú lọ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ni ín tẹ́lẹ̀. Òun ló ra bọ́ọ̀lù, òun ló ń wá ẹni tí a ó bá figagbága. Nígbà tí ìjọba gbé e lọ sí ìhà àríwá, ó dágbére fún wa tẹkúntẹkún, ó sì gbé bọ́ọ̀lù náà lọ. Lẹ́yìn èyí, àwọn kan bá ọkọ̀ lọ sí Abidjan, àwọn kan lọ ṣe iṣẹ́ kòkó ní Ghana. Ọ̀kan gbéyàwó, ìyàwó sì ní òun kò fẹ́ ọkọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwa tó kù kò tó ẹni tí í gbé òkúta kúrò lọ́nà.

Sous-préfet, ìyẹn aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, pè wá. Ọkùnrin náà fẹ́ràn igi ju ènìyàn lọ.

"Ilẹ̀ dáadáa nìyẹn, ewúrẹ́ ló ń jẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ kò bá lè kó mọ́kànlá jáde pàdé àwọn ará Savalou lẹ́yìn Kérésìmesì, igi tíìkì ni n ó gbìn síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju àwọn yòókù lọ. Bàbá mi ti bá àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ní Cotonou sọ̀rọ̀ pé kó wá kọ́ mi níṣẹ́. Pápá yẹn nìkan ni àwáwí mi. "Ọjọ́ tí pápá bá lọ, ìwọ náà á lọ," bàbá mi wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti rí owó ọkọ̀. N kò fẹ́ kúrò láàrin òkè. N kò tíì mọ ibi tí ènìyàn ń wo bí kò bá sí òkè níwájú rẹ̀.

Ẹni tó gbà wá ni ẹni tí kò sẹ́ni tó rò ó sí: Alájì, tó ń ta aṣọ àti epo fìtílà ní ọ̀ọ́kán pápá. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ó kàn pè wá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Mísà.

"Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Àìkú a máa pariwo níbí. Ẹ ó máa kígbe, èmi á máa bú yín láti ibi tí mo jókòó sí. Ní báyìí, bí mo bá jókòó, eṣinṣin nìkan ló kù tí mo ń bú. Èmi ni patron yín, alátìlẹ́yìn yín, láti òní lọ."

"Alájì, ṣé ẹ mọ iye ènìyàn tí í gbá bọ́ọ̀lù?" ẹnì kan nínú wa bi í.

"Ẹ ó kọ́ mi. Ṣebí ẹ kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe."

Ó ra bọ́ọ̀lù tuntun. Ó sì rán ẹ̀wù fún wa láti inú aṣọ tí kò tà: aláwọ̀ ewé tí wọ́n ya ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí lára yíká. Bí a bá tò síbì kan, a dà bí ọjà èso. Ó wá kó wa sínú kámíọ̀n rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, a lọ sí Kèrè, a lọ sí Tré, a rí àwọn tó gbà láti bá wa gbá. Ó ku ẹnì kan péré. Gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ fún wa pé ẹni náà wà ní Soclogbo: ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nìkan tó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù.

Inú oko la bá a. Ó ń fi ẹsẹ̀ òsì náà darí ọsàn líle kan láàrin ebè, kò sì kan ebè kankan. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," Alájì wí. "Ọmọ yín la wá tọrọ."

Bàbá wò ó láti orí fìlà dé bàtà. "Ta ló fẹ́ gbé e níyàwó?"

"Bọ́ọ̀lù ni."

"Ó dára. Bọ́ọ̀lù yóò wá kọ ebè tí ọmọ mi ì bá kọ?"

Alájì ti ọwọ́ bọ àpò. Bàbá yíjú sí òkè kíá, bí ẹni tí wọ́n tú aṣọ níwájú rẹ̀.

"Mú ọwọ́ rẹ jáde, ọkùnrin yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kó wá bá yín ṣe tiyín, ẹ wá bá a ṣe tirẹ̀. Àáró ni."

Gbogbo ẹni tó dàgbà láàrin òkè mọ àáró: lónìí gbogbo wa ní oko rẹ, lọ́jọ́ mìíràn gbogbo wa ní oko mi, kò sẹ́ni tó ń san nǹkan kan fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é fún ọ, o gbọ́dọ̀ ṣe é padà. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀.

A lọ. A tò lẹ́sẹẹsẹ, ọkọ́ ń ró lẹ́ẹ̀kan náà. Ará Kèrè tí kò tíì bá ará Tré sọ̀rọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ebè rẹ̀ wọ́. Alájì náà káṣọ sókè, ó kọ ebè kan tó rí bíi fìlà tí ènìyàn jókòó lé. Bàbá dúró tì í pẹ́.

"Alájì, kí ni iṣu fi ṣẹ̀ yín?"

A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa ti di ẹgbẹ́. Kì í ṣe orí pápá rárá.

Kò pẹ́ tí Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Ọjọ́ wo ni kí a wá sí oko yín?"

"Oko kẹ̀?" Alájì wí. "Èmi kò ní oko, Bàbá. Ẹ má ṣèyọnu, mo fi ta yín lọ́rẹ."

Alájì rò pé inú rere lòun ṣe. Ojú Bàbá le. "Mo jọ ẹni tí ń gba sàárà?" Ó pe ọmọ rẹ̀ láti orí pápá, àwọn méjèèjì sì gba ọ̀nà Soclogbo lọ. Ọmọ náà ń wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà.

Mo sáré tẹ̀ lé wọn, ọwọ́ mi gígùn ń jù fìrìfìrì. "Bàbá! A ní ilẹ̀! Ẹgbẹ́ ló ni ín. Pápá ni. Koríko ti fẹ́ gbé e mì."

Ó dúró. Ó rò ó. "Ìyẹn ni ọmọ ènìyàn ń sọ. A ń bọ̀ ní Sátidé."

Ní Sátidé, ó yẹ kí a ti dé ibẹ̀ dè wọ́n, ṣùgbọ́n táyà kámíọ̀n bẹ́ lọ́nà Tré níbi tí a ti lọ kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Kí a tó dé, oòrùn ti ga. Àwọn ará Soclogbo ti ro koríko tán. Wọn kò sì rí ẹni tó ní kí wọ́n dúró. Wọ́n ní apá tó lágbára, ilẹ̀ sì rọ̀, àsìkò ebè sì ni. Láti iwájú igi góòlù mi títí dé àárín pápá, ebè iṣu ló tò lọ bẹẹrẹ, ó gún régé, ó rẹwà. N kò rí ebè tó dára bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá nu òógùn. "Ilẹ̀ yìí dára ju tèmi lọ. Ẹ ti fi í ṣòfò."

Alájì rọra wí pé, "Mo ti di àgbẹ̀."

Àwọn ará Savalou ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wó ebè tí ẹlòmíràn làágùn lé lórí, lójú ẹni náà? Ó dà bí kí wọ́n bu omi fún ọ kí o dà á sílẹ̀ níwájú wọn. Mo wo ẹlẹ́sẹ̀ òsì wa. Ó ń wo bàbá rẹ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró sáàrin igi méjèèjì yìí." Mo gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì. Mo fẹ́ kí Bàbá rí i pé kò ṣeé gbá. Àṣé mo ti gbàgbé ibi tí ọmọ náà ti kọ́ ọ. Ó gba àárín ebè náà kọjá bí ejò, ó sì gbá a wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

"Ṣebí ó kọjá!" Bàbá wí. "Kí lẹ tún ń sunkún sí?"

"Òun nìkan ló lè ṣe é, Bàbá. Ẹ wo èmi."

Mo gbé bọ́ọ̀lù, mo sáré. Ebè kẹta ló gbà mí. Mo dojú bolẹ̀, ẹnu mi kún fún erùpẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi góòlù mú. Nígbà tó rí èémí mí, ó na ọwọ́ sí àwọn ará rẹ̀.

"Àwa la kọ ọ́, àwa la ó wó o. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì la ṣe fún yín lónìí o. Ọ̀kan san ti oko mi, ó kúrò nílẹ̀. Èkejì wà lọ́rùn yín."

Bí a ṣe kó mọ́kànlá jáde nìyẹn. Ọ̀mì la gbá. Ilẹ̀ iwájú góòlù mi ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ, bọ́ọ̀lù Savalou bá dé ibẹ̀ a dákẹ́ jẹ́ẹ́, n ó kàn bẹ̀rẹ̀, n ó mú un. Wọ́n pe ẹ̀wù wa ní gbogbo orúkọ tó wà. Sous-préfet gbin tíìkì rẹ̀ sẹ́yìn ọ́fíìsì.

Pápá dúró. Èmi ni n kò dúró. Nígbà tí kò sí ohun tó ń lé mi lọ mọ́, mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ, nítorí àwọn yòókù ń lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì ti gba iṣẹ́ ní Abidjan, àwọn méjì fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù, a jọ lọ sí Soclogbo lọ san ti Bàbá.

Ọyẹ́ ti mú gan-an, òkè rí bí ohun tí wọ́n fi eérú pa lára. A tò bí a ṣe máa ń tò. Ẹ wò ó, bí wọ́n bá ní kí n yan ọjọ́ kan padà nínú gbogbo ayé mi, n kò ní yan ọjọ́ Savalou. Ìyẹn ni n ó yàn. Ọkọ́ ń ró, ẹnì kan ń bú ẹnì kan, Alájì ń kọ ebè rẹ̀ bí ẹni ń sin nǹkan. Bí a ṣe ń sún mọ́ ìparí, ọwọ́ wa ń falẹ̀. A mọ̀ pé bí ebè bá tán, a kò jẹ ara wa ní nǹkan kan mọ́.

"Kí ló ṣe yín?" Bàbá pariwo láti abẹ́ igi. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ yára ju báyìí lọ!"

"Oúnjẹ yín ni, Bàbá," mo dáhùn. "Ó pọ̀ jù."

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó mú ọkọ́ tirẹ̀, ó wá wọ àárín èmi àti ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè, díẹ̀díẹ̀, ó falẹ̀ ju gbogbo wa lọ.