Aṣọ tí Ajá Kọ̀

Ogójì ọdún ni Burulkan fi rán aṣọ àkọ́wọ̀ àwọn ọmọ tuntun abúlé rẹ̀ létí odò Narin. Ara ẹ̀wù gbígbó àgbàlagbà tó níyì ni í ti í gé e, kó lè rọ̀ lára ọmọ. Kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ so ó mọ́ ajá lọ́rùn, kí ibi lè bá ajá lọ.

Nígbà tí Chinara, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bímọ, Burulkan rán ti ọmọ náà. Lọ́jọ́ kẹta, ara ògiri ló ti bá a, nínú férémù onígíláàsì. Aṣọ olówùú wúrà tó le gbagidi ló wà lára ọmọ, ọrùn rẹ̀ sì ti pọ́n.

“Mo fi tiyín ṣe ìrántí ni, Màmá.”

“Ṣíọ̀! Mo ti kú ni? Àbí ògiri lo bí, tó o fi wọṣọ fún un?”

Ìríra kò jẹ́ kó jókòó. Ó bọ́ aṣọ wúrà náà lára ọmọ, ó so ó mọ́ ajá lọ́rùn. Ajá gbọnra, ó ha ọrùn títí aṣọ fi ya bọ́ sílẹ̀.

Chinara gbé férémù kúrò lára ògiri, ó sì wá ọ̀bẹ tí yóò fi tú u.