Ìsun Omi Ìyá Ọkọ Mi

Eruku pupa ló kí mi káàbọ̀ nígbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ilé ọkọ ní Ìgándò, láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Èkó. Ó wà lára aṣọ tí a sá, ó wà nínú ọbẹ̀ pàápàá. Àwọn típà ló ń dà á sílẹ̀. Wọ́n ń wa yẹ̀pẹ̀ lórí òkè tó wà lókè ìsun omi wa, wọ́n ń kó o lọ fi ṣe títì.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Wọ́n ní bí títì bá dé, omi ẹ̀rọ á tẹ̀ lé e. Mo ti yan ibi tí wọn yóò ri ẹ̀rọ náà mọ́ lẹ́yìnkùlé, mo sì ń gbálẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀. Ìyá ọkọ mi, tó ń tọ́jú ìsun náà, kò bá mi yọ̀. Ó tọ olórí ẹbí lọ, mo tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ẹ ní kí wọ́n dúró jàre," ni ìyá ọkọ mi wí. "Wọn ò ní jẹ́ ká rómi mu."

Olórí ẹbí rẹ́rìn-ín sí i. "Ìyàwó, àwọn baba wa ní ká má ta ilẹ̀. Ṣé a tà á ni? Yẹ̀pẹ̀ la ní kí wọ́n kó. Ilẹ̀ wa ṣì wà níbẹ̀."

Lójú tèmi nígbà náà, ọ̀rọ̀ gidi ló sọ.

Nígbà tí òjò dé, òkè tí wọ́n ti gé ya lulẹ̀ bo ìsun. Àwa obìnrin ilé hú u jáde. Òjò tún bò ó, a tún hú u. Lọ́dún kejì, a hú títí, ẹrẹ̀ nìkan la rí. Ìyá ọkọ mi jókòó sínú ẹrẹ̀ yẹn, ó sunkún bí ẹni tọ́mọ kú fún. Omi ẹ̀rọ kò sì dé.

Nígbà tí àìsàn dá a wó, omi ìsun ló ń béèrè. Mo bu omi tí a rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà fún un, mo ní òun nìyí. Ó tọ́ ọ wò, ó mu ún tán. "O ṣeun, ìyàwó mi," ló wí, ó sì yíjú sógiri.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tó kú sí lọ báyìí. Pàǹtírí ni wọ́n fi dí kòtò tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ náà, wọ́n kọ́lé lé e. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé bá wọn, síbẹ̀ wọ́n ń ra omi mu. Láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi ní kí n fi ibi tí ìsun wà han òun. A rìn káàkiri, ògiri lọ́tùn-ún, ògiri lósì, n kò dá ibẹ̀ mọ̀ mọ́. Nígbà tí mo rí i pé ó ti rẹ ọmọ náà, mo nàka sí gọ́tà kan, mo ní ibẹ̀ ni.