Àrò Kan Náà Ló Fi Ń Ṣe Ọṣẹ àti Àbẹ́là

Bí inú bá ń bí Saidat, kì í pariwo. Iṣẹ́ ló máa ń ṣe. Gbogbo ará ilé wọn ní Igbein ló ti mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá rí i tó ń ro ọṣẹ nínú ìkòkò bí ẹni pé ọṣẹ ọ̀hún ló ṣẹ̀ ẹ́, kí kálukú yáa gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Àgbà Asiata, ló kọ́ ọ ní ọṣẹ dúdú: bí wọ́n ṣe ń sun èèpo kókó di eérú, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi rẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí àdí wọ inú ìkòkò. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ọṣẹ nìkan kò gbọ́ bùkátà ọmọ mọ́, Saidat lọ kọ́ àbẹ́là ṣíṣe kún un. Yóò yọ́ wáàsì, ìda àbẹ́là, nínú agolo lórí omi gbígbóná, yóò na òwú sí àárín páìpù tó ti gé sílẹ̀, yóò wá da wáàsì sí i, funfun, pupa, búlúù. Àwọn aládùúrà ní Láfẹ́nwá ló ń ra èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Lois, obìnrin aláṣọ funfun tí ń bá a kó ọjà, a máa yangàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àbẹ́là Saidat kì í rú èéfín, kì í sì í sunkún wáàsì sílẹ̀.

Ìyá Àgbà kò rí nǹkan kan wí sí i, bẹ́ẹ̀ Alhaja ni, kò sì fi ìrun ṣeré rí. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ìyàwó mi, iná lò ń tà. Ta ni kì í lo iná?"

Alhaji Láwàlì ló rí nǹkan wí sí i. Ọmọ Ìyá Àgbà lòun náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ Saidat tó ti kú, òun sì ni olórí ilé báyìí. Wọ́n fẹ́ wé láwàní Bàbá Àdínnì fún un ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ láwàní náà sì ti délẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo èèyàn àfi tirẹ̀. Ó pe Saidat sí pálọ̀.

"Saidat, ilé mùsùlùmí nilé yìí. A ò lè máa ṣe àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì níbí."

"Alhaji, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Àbẹ́là yìí ló ń rán ọmọ àbúrò yín níwèé."

"Mi ò ní kó o má ṣe ọṣẹ. Ọṣẹ ò burú. Ọṣẹ là ń kó lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìwẹ̀ òkú, tí wọ́n ń ṣàdúà fún wa. Tó bá ti di Jímọ̀, mi ò fẹ́ rí àrò yẹn lẹ́yìnkùlé mọ́."

"Àrò kan náà ni mo fi ń ṣe méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá wó o, ibo ni màá ti se ọṣẹ?"

"Ìwọ lo mọ̀yẹn."

Ẹ ò rí nǹkan! Ọṣẹ tí Saidat fi ọwọ́ ara rẹ̀ rò, tí kò gba kọ́bọ̀ lé e lórí, òun ni Láwàlì ń gbé lọ sí mọ́ṣáláṣí bíi sàráà tirẹ̀. Ojú kò tì í láti gba àdúrà orí ọṣẹ, kó sì wó àrò tí ọṣẹ ti wá. Saidat kúnlẹ̀, ó dìde, ó jáde. 

Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ tipa kan wá já búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀yìnkùlé. Orí àrò gan-an ni wọ́n já a lé. Bùsírátù, ìyàwó Láwàlì, ló fa Saidat sí kọ̀rọ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù ni Alhaji fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Wọ́n ti bá ẹni tó máa háyà ẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o."

Ṣé ẹ gbọ́? Kì í ṣe ẹ̀sìn, ṣọ́ọ̀bù ni. Ọkùnrin náà gbé orúkọ Ọlọ́run síwájú kí ẹnikẹ́ni má baà rí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn rẹ̀. Inú bí Saidat gidi gan-an. Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà lọ láti fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n àìsàn ti dá ìyá dùbúlẹ̀, kò lókun ẹjọ́ mọ́. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Tí mo bá kú, ìwọ ni kó o wẹ̀ mí o. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n lọ pe àlejò."

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Ìyá Àgbà kú.

Kò pẹ́ tí èrò fi kún ojúde. Láwàlì rán Bùsírátù sí Saidat pé kó mú ọṣẹ wá. Orí búlọ́ọ̀kù ló bá a, níbi tó jókòó sí tó ń sunkún. Ó wu Saidat kó sọ pé kí Alhaji lọ ra ọṣẹ ní Láfẹ́nwá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ìyá, tí kì í ṣe nítorí ọmọ ìyá, ó dìde, ó mú ọṣẹ.

Yàrá ìyá kò ní fèrèsé. Iná ìjọba ti lọ láti ọjọ́ mélòó kan, jẹ̀nẹ́rétọ̀ sì kọ̀, kò dáhùn. Ní ti fóònù, kò sẹ́ni tó ń mú un wọ ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú nínú ilé yẹn mọ́, láti ìgbà tí ọmọdébìnrin kan ti ya fọ́tò òkú, tó sì gbé e sórí Wásáàpù. Àwọn obìnrin tó fẹ́ wẹ ìyá dúró sínú òkùnkùn, wọn kò rí ọwọ́ ara wọn.

Bùsírátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Saidat, mú àbẹ́là wá."

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Saidat mú èyí tó funfun, ó ṣáná sí i, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìyá. Ó fi ọṣẹ tí ìyá fúnra rẹ̀ kọ́ ọ wẹ̀ ẹ́, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n fi káfúrà olóòórùn dídùn sí i lára, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun.

Láwàlì ń bá lèmọ́mù sọ̀rọ̀ lójúde nígbà tí Saidat jáde. "Ọṣẹ ilé wa ni wọ́n fi wẹ̀ wọ́n," ló ń wí. Orí ń wú u.

Saidat lọ síwájú rẹ̀ tòun ti kùkùté àbẹ́là tó ṣì ń jó. "Alhaji, ẹ gbà."

Ó gbà á kó tó mọ ohun tó gbà. "Kí lèyí?"

"Òun la fi rí ojú ìyá yín. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa jù ú sí."

 Láwàlì kò lè fẹ́ ẹ pa lójú àwọn èèyàn, kò sì lè jù ú nù. Àbẹ́là Saidat kì í sunkún, ṣùgbọ́n ọwọ́ Alhaji ń gbọ̀n, wáàsì sì ń kán sí etí agbádá funfun rẹ̀. Bó ṣe dì í mú nìyẹn títí tí wọ́n fi gbé òkú ìyá jáde.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin gbé òkú lọ, Saidat gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó fi ìborùn di ìbàdí, ó gbé búlọ́ọ̀kù kan kúrò lórí àrò. Ó gbé òmíràn. Bùsírátù wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbé tirẹ̀.

"Saidat, Alhaji á bínú o."

"Kí wọ́n bínú."

Àrò tí wọ́n yọ jáde kò tíì wó, ìkòkò sì ti wà lórí iná kí àwọn ọkùnrin tó ti ibi ìsìnkú dé. Láwàlì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wáàsì ti gbẹ mọ́ etí agbádá rẹ̀. Saidat kò wẹ̀yìn. Inú ṣì ń bí i, ó sì ń ro ọṣẹ.