Fàdákà Inú Oko Walter

Àárọ̀ Sátidé ni Ọláolú máa ń lọ sóko. Kì í ṣe oko tirẹ̀ o. Ọkùnrin tó ti lo ogójì ọdún ní Houston, tó ń gbé ilé alápátímẹ́ǹtì ní Fondren Southwest, níbo ni yóò ti rí oko? Oko olóko ló ń lọ, lọ́hùn-ún lẹ́yìn Hempstead, pẹ̀lú ẹ̀rọ olórí pẹrẹsẹ kan tó máa ń ké bí irin bá wà lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá ti ké, Ọláolú á kúnlẹ̀, á wú ilẹ̀, á fọwọ́ tú u. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdérí ọtí bíà ló máa rí, tàbí ìṣó, tàbí àfọ́kù irin katakata. Á jù ú sápò, á dí ihò náà padà, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dùn ún.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, Ọláolú kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹnu rẹ̀ ló ṣe é. Lọ́dún 1983, bàbá rẹ̀ ta oko kòkó tó ní ní Ifẹ̀tẹ̀dó kí ọmọ náà lè wá kàwé ẹnjiníà níhìn-ín. Ọdún kejì kò tíì pé tí náírà fi já wálẹ̀, owó ilé ìwé kò wá mọ́, Ọláolú bá kúrò ní kíláàsì, ó lọ ń fọ àwo ní ilé oúnjẹ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìmọye wa ló fọ àwo nílùú yìí. Ohun tó burú ni lẹ́tà tó kọ sílé pé òun ti gboyè. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún kọ òmíràn pé òun wà ní Clear Lake láàárín àwọn tó ń rán ọkọ̀ lọ sójú ọ̀run. Ibi tó wà gan-an ni ibi ìgbọ́kọ̀sí kan nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, lápá Humble, níbi tó ti ń ṣọ́ mọ́tò àwọn arìnrìn-àjò.

Bàbá gbà á gbọ́. Ẹni tó ra oko náà ṣàánú rẹ̀, ó jẹ́ kó máa gbé abà kó sì máa bójú tó kòkó tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń sọ fún pé ọmọ òun tó jẹ́ ẹnjiníà ń bọ̀ wá ra oko padà. Ibẹ̀ ló kú sí. Ẹ̀yìn abà ni wọ́n sin ín sí, bó ṣe fẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta, wọ́n fún ìyá Ọláolú ní físà. Màmá Àbẹ̀ní ti lé lọ́mọ ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le, ojú rẹ̀ sì ríran dáadáa. Kò tíì lo ọjọ́ méjì nílé ọmọ rẹ̀ tó fi sọ ohun tó bá wá. Lùkúmọ̀n, ọmọ ẹni tó ra oko, fẹ́ hú gbogbo kòkó náà kó fi ibẹ̀ kọ́ ilé epo. Ó ti gbà láti ta ibi tí abà àti sàréè wà padà fún wọn, bí Ọláolú bá san owó rẹ̀ kí Kérésì tó dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, katakata ń bọ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n sin mí sí," Màmá wí. "Mi ò bẹ̀ ọ́ ní ohun mìíràn. Pẹ̀lú iṣẹ́ tó o ń ṣe yìí, kò yẹ kó nira fún ọ."

"Kò nira, Màámi," Ọláolú dáhùn.

Fèyísọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, wò ó títí wọ́n fi wọ yàrá. "Daddy Ìlérí, please, ẹ sọ òótọ́ fún Màmá. Kí ló le níbẹ̀? Security work kì í ṣe olè."

"Lọ́la," Ọláolú wí. Ọ̀la yẹn di oṣù méjì.

Láàárín oṣù méjì náà, gbogbo àárọ̀ ló ń so táì mọ́rùn jáde nílé. Bó bá dé ilé epo kan lẹ́bàá fíríwéè, á wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn lọ bọ́ ọ, á gbé ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́dẹ wọ̀, èyí tí wọ́n kọ OLU sí láyà. Ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ni o, tó ń fara pa mọ́ fún ìyá rẹ̀ bí ọmọ tó jí ẹran jẹ. Nígbà tí Màmá bi í pé irú ẹ̀rọ wo ló ń gbé lọ sóko ní Sátidé, ó ní ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni, àwọn fi ń yẹ ilẹ̀ wò. Màmá ní Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀kítóbà, wọ́n ti kórè àgbàdo tán lóko Walter. Walter ni bàbá òyìnbó tó ni oko náà, àgbà tí ìbàdí ń dùn, tí kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àdéhùn wọn kò le: kí Ọláolú dí gbogbo ihò tó bá gbẹ́, ohunkóhun tó bá sì níye lórí, kí wọ́n pín in sí méjì. Ní ìdí igi ńlá kan ní ìpẹ̀kun oko, ẹ̀rọ náà ké, kò sì dákẹ́. Ọláolú gbẹ́ ilẹ̀ títí apá rẹ̀ fi wọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Àfọ́kù ìgò ló kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà ni owó: dọ́là fàdákà ayé àtijọ́, méjìlá, ilẹ̀ lẹ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ra.

Wọ́n pín in lórí tábìlì ìjẹun Walter. Walter ló kọ́kọ́ mú, ó sì mú àwọn tó ṣì ń dán díẹ̀, nítorí wọ́n wu ojú rẹ̀. Mẹ́fà tó dúdú bí ìdí ìkòkò ló kù fún Ọláolú.

Nínú mọ́tò ló ti ya àwòrán wọn, tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ń ra owó àtijọ́ nígboro. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi pè é. Ó ní ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé wọn kò rọ irú rẹ̀ púpọ̀ lọ́dún tí wọ́n kọ sí i lára. Ó ní bó bá rí bí òun ṣe rí i nínú àwòrán, kó gbé e wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iye tí òun máa san rèé. Iye náà tó ra abà àti sàréè, ó tún ṣẹ́ kù láti fi mọ odi yí i ká. Ọkùnrin náà wá kìlọ̀ fún un: kò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, kò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ nù ún.

Ọláolú ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Òun ni gbogbo àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá irin máa ń kọ́kọ́ sọ fún ara wọn. Dúdú ara owó yẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀, dúdú yẹn ni àwọn olówó ń rà. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti fọ owó lára owó, ìwúwo fàdákà lásán ló máa kù. Ó mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó sunkún díẹ̀ lórí fíríwéè, òun nìkan.

Nígbà tó délé, ó kó wọn sínú ike áìsìkiriìmù, ó gbé e sórí fíríìjì.

"Kí nìyẹn?" Màmá béèrè.

"Nǹkan ọ́fíìsì ni, Màámi. Àwọn ọ̀gá mi fẹ́ wò ó ní Mọ́ńdè."

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, Màmá á bi í pé kí ló dé, òun náà á sì ní láti tún wá irọ́ mìíràn pa, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ ló lọ ní ọjọ́ Sunday, Fèyísọ́lá náà wà níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gbé Màmá lọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan ló wà nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Màmá jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń fọ ọ̀pá àbẹ́là onídẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Ifẹ̀tẹ̀dó, ọ̀pá méje, gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, èèyàn lè fi ṣe dígí. Kò tíì pẹ́ tó dé Houston tó fi gba iṣẹ́ náà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ, tí pásítọ̀ sì dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìjọ. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè rí dúdú lára fàdákà kó fi í sílẹ̀. Ó mú ọsàn wẹ́wẹ́ nínú fíríìjì, ó bu iyọ̀ sí i, ó wá kànìnkànìn onírin jáde lábẹ́ síǹkì, ó sì jókòó tì í títí ọwọ́ fi ń ro ó.

Nígbà tí Ọláolú wọlé nírọ̀lẹ́, orí áńkáṣíìfù funfun ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí tábìlì, wọ́n ń kọ mànà.

"Wá wò ó," Màmá wí. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọláolú di àga mú. "Màámi, ta ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́?"

"Ṣé mo máa wò ọ́ kó o gbé ìdọ̀tí lọ síwájú èèyàn ni?"

Fèyísọ́lá, tó wọlé tẹ̀ lé e, fọwọ́ bo ẹnu. Ọláolú wo ìka ìyá rẹ̀ tí ọsàn ti bó. "Ẹ ṣé, Màámi," ló wí. "Ó dára."

Síbẹ̀, ó gbé e lọ ní Mọ́ńdè. Ọkùnrin náà fi awò wò ó, kò pẹ́ tó fi gbé awò sílẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ṣe é. Ọláolú ní ìyá òun ni. Ọkùnrin náà ní ó dun òun gan-an, pé ìwúwo rẹ̀ nìkan ni òun lè san. Ọláolú kó wọn padà sínú ike, ó jókòó sínú mọ́tò fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ó wa mọ́tò lọ sílé, nítorí ọ̀sán ló ń wọṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀?" Màmá béèrè.

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, Màámi."

Màmá wò ó pẹ́. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́dẹ jáde, tí wọ́n ti lọ̀ kalẹ̀, tí orúkọ wà láyà rẹ̀.

"Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ni mo ti rí i nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí," ó wí. "Èmi ni mo ń lọ̀ ọ́. O rò pé ìyàwó rẹ ni. Mo ń dúró kó o fẹnu ara rẹ sọ fún mi. Nígbà tó ò sọ, mo panu mọ́ kí ojú má tì ọ́. Nígbà tí mo rí owó yẹn, mo mọ̀ pé títà lo fẹ́ tà á. Mo ní kí n bá ọmọ mi tún un ṣe, kó lè pa owó wọlé."

Ọláolú kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àwo tó fọ̀, mọ́tò tó ń ṣọ́, ẹ̀rọ tó ń ké lórí irin, dúdú ara owó, iye tí ọkùnrin náà ti pè, ohun tí iye náà ì bá rà. Òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ fún un láti ogójì ọdún nìyẹn, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ká ní o sọ pé kí n má fọwọ́ kàn án ni," Màmá wí, "mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"Mo mọ̀, Màámi."

"Bàbá rẹ gbà ọ́ gbọ́ títí tó fi kú."

Màmá ṣí ike náà, ó mú èyí tó ń dán jù nínú wọn, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.

"Mo máa mú ọ̀kan. Bí mo bá kú, kí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. Ilé epo ló máa wà lórí bàbá rẹ, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n máa gbé èmi sí. Ó kéré tán, bó o bá gbé ẹ̀rọ rẹ wá, á ké."

Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ó so owó náà mọ́ etí gèlè rẹ̀, ó wo aago ara ògiri, ó sì na ṣẹ́ẹ̀tì náà sí ọmọ rẹ̀.

"Àkókò iṣẹ́ rẹ ti tó," ó wí. "Wọ̀ ọ́ láti ilé lọ."